Kòtò Babai Nei Rakentai

Ẹ má gba ohun tí wọ́n ń sọ kiri ní Nonouti, erékùṣù wa, gbọ́, pé ìyẹ̀fun ajílẹ̀ òyìnbó kan tí ọkọ Nei Rakentai kó bọ̀ láti orí ọkọ̀ òkun ló ń dà sí kòtò babai rẹ̀. Irọ́ ni. Ọkọ rẹ̀ kò kó nǹkan kan bọ̀ ju rédíò àti bàtà lọ, bàtà ọ̀hún gan-an kò bá a lẹ́sẹ̀ mu.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Lọ́dún tí òkun gun orí ilẹ̀, omi iyọ̀ ya wọ kòtò náà, tí wọ́n gbẹ́ kan omi abẹ́ ilẹ̀ láti gbin babai sí. Àwọn babai, kókò ńláńlá tí ewé wọn ga ju èèyàn lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, wọ́n ń rọ. Bẹ́ẹ̀, ọdún kẹta sí ìgbà náà ló kan ìdílé wọn láti gbé babai àkọ́kọ́ wọ maneaba, níbi tí gbogbo ìlú ń péjọ sí. Ìdílé tó bá dé ibẹ̀ lọ́wọ́ òfo, ìtìjú náà kì í tán bọ̀rọ̀.

Ten Tebuka, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, gbé àáké dé; Ten là ń fi pe ọkùnrin, Nei la fi ń pe obìnrin.

"Ìyàwó, àwọn igi gbẹ̀rẹ̀fútù yìí ló ń mu omi mọ́ babai lọ́wọ́. Jẹ́ n gé wọn."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó, ẹ mu omi àgbọn. Tẹ́ ẹ bá gé wọn, kí ló máa bo kòtò lọ́wọ́ oòrùn? Ewé wo ni babai á sì jẹ?"

"Babai ń jẹ ewé?"

"Ẹ̀yin náà ń jẹ ẹja. Ta ló bi yín?"

Tebuka rẹ́rìn-ín, ó gbé àáké rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ní òun á padà wá.

Nei Rakentai fi garawa gbọ́n omi iyọ̀ náà síta. Ó mọ̀ pé omi òjò fúyẹ́ ju ti òkun. Tó bá rọ̀, ó máa ń wọ inú iyanrìn, á léfòó sórí omi iyọ̀, ibẹ̀ sì ni gbòǹgbò babai ti ń mu. Ó wá fi imọ̀ àgbọn hun apẹ̀rẹ̀ tí kò nídìí, ó fi yí babai kọ̀ọ̀kan ká, ó ń ki ewé gbígbẹ àti iyẹ̀pẹ̀ dúdú sí i. Ewé ń jẹrà, babai ń jẹ ẹ́. Tí ewé babai náà bá gbó, inú apẹ̀rẹ̀ ló ń padà sí.

Ewé tirẹ̀ kò tó. Àwa obìnrin àdúgbò rẹ̀, àràárọ̀ là ń gbálẹ̀ iwájú ilé, tá a ń sun ewé, kí wọ́n má bàa pè wá ní ọ̀lẹ. Ni Nei Rakentai bá ń ti báárò láti ilé dé ilé, ó ń kó ewé wa.

"Ìyá agbálẹ̀ dé," èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, kí n má purọ́. "Ṣé ẹ ti jẹ ti àná tán ni?"

"A ti jẹ ẹ́ tán," ó ní. "Ẹ̀yin sì ti ń sun ti òní. Ẹ bomi pa iná yẹn."

Kò ṣàlàyé, torí iṣẹ́ babai, àṣírí ìdílé ni lọ́dọ̀ wa. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun fi gbilẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n máa gbé babai wọ maneaba pé. Tebuka fúnra rẹ̀ ló wọ kòtò, omi dé e lórúnkún, ó tọ́ ọ wò: kò níyọ̀. Babai tó fà yọ, òun àti ọkùnrin mìíràn ló fi ọ̀pá gbé e wọ maneaba.

"Ìyàwó, o fẹ́ kán wa lẹ́yìn," ó ní, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Nígbà tí mo sọ fún Nei Rakentai pé mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ tó ń hun sílẹ̀.

"Ẹ kọ ti apẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ti ewé tí ẹ ń sun," ó ní. "Ṣùgbọ́n ewé tí mo kọ́kọ́ ń tẹ́ sísàlẹ̀ pátá, ẹ má bi mí. Ọmọbìnrin mi nìkan ni mo máa fi hàn."