Ìtọ̀ Ọ̀bọ àti Òdòdó Àwọn Ìyá

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ sọdá títì ní Plumstead ní Lọ́ńdọ̀nù, obìnrin kan ń gbé òkè ilé wa tí kò bímọ. Nọ́ọ̀sì ni, òun ló sì máa ń di irun mi bí màmá mi bá lọ síbi iṣẹ́. Àwọn obìnrin yòókù ń jẹ́ Mummy Lágbájá, Ìyá Tàmẹ̀dò. Òun nìkan ló ń jẹ́ Auntie.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ mọ Sunday àwọn ìyá dáadáa. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà náà, gbogbo ìyá á dìde, àwa ọmọdé á sì máa pín òdòdó fún wọn. Lọ́dún kan, mo mú ọ̀kan lọ fún Auntie níbi tó jókòó sí. Kò tíì gbé e símú tí olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin fi já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sorry o, Sister, it's for mothers. Ọmọ yìí ò mọ̀ ni."

Auntie rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ tó jókòó tì í ń wo àjà. Ìríra ọjọ́ náà ṣì wà lára mi títí dòní.

Sunday àwọn bàbá ńkọ́? Gbogbo ọkùnrin ni wọ́n máa ń ní kó dìde, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ọmọ lọ́wọ́ wọn. Ọkọ Auntie náà á dìde, á gba ìbọ̀sẹ̀ tuntun tirẹ̀, á ní, "Thank you, Jesus." Ṣíọ̀!

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àwọn ẹbí ọkọ kó ẹrù Auntie síta. Wọ́n ní àgàn kò ní pa ilé àwọn rẹ́. Ó kó lọ sí Thamesmead, ṣùgbọ́n kò fi ṣọ́ọ̀ṣì wa sílẹ̀.

Bóyá nítorí rẹ̀ ni mo ṣe yan iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Bí abo ọ̀bọ ṣe ń lóyún ni mò ń wò, inú ìtọ̀ wọn ni mo sì ti ń wá họ́mónù, èròjà inú ara tó ń fi hàn bóyá ẹyin ń jáde. Ìtọ̀ ọ̀bọ ń rùn, n ò ní parọ́. Bí mo bá wọ ọkọ̀ ojú irin padà sí Abbey Wood, àwọn èèyàn á rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Màmá mi á ní, "University, because of monkey wee? Èmi ò lè sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì o." Ṣùgbọ́n òórùn yẹn, ọṣẹ ń fọ̀ ọ́ kúrò.

Níbi iṣẹ́ mi àkọ́kọ́, abo kan wà tí ọ̀gá wa ti kà sí àgàn, tó fẹ́ lé lọ. Mo yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò láti oṣù dé oṣù: ẹyin rẹ̀ ń jáde bó ṣe yẹ. Mo ní kí wọ́n yẹ akọ wò. Wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Nígbà tí akọ náà kú, tí wọ́n gbé òmíràn wọlé, abo náà lóyún. Ọ̀gá wa wá ń yin akọ tuntun pé ó lágbára.

Mo sáré lọ bá Auntie ní Thamesmead, mo rò pé ìròyìn ayọ̀ ni mo gbé lọ. Mo ní ó lè jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe òun náà rí. Aṣọ iṣẹ́ ló ń lọ̀ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ọmọ mi, mo mọ̀. Àwa méjèèjì la ṣe test. Èmi, I was fine. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí kitchen, ó ní kí n bo àṣírí òun. Ṣé kí n wá dójú ti ọkọ mi ni?"

Ọkọ yẹn kan náà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n fi kó ẹrù rẹ̀ síta, tó ń wò wọ́n bí ẹni wòran. Mo ti fọwọ́ kan ìgbẹ́ ọ̀bọ o; kò kó mi nírìíra tó ọkùnrin yẹn.

Wọ́n ní ayé ti yí padà. Òótọ́ ni. Ọkọ̀ ojú irin tuntun ti dé Abbey Wood, pásítọ̀ tuntun sì ní kí gbogbo obìnrin máa gba òdòdó, ẹni tó bí àti ẹni tí kò bí. Lọ́dún yìí, ọmọdébìnrin kan mú tiẹ̀ wá fún Auntie, tó ti ń fi ọ̀pá rìn. Ó wò ó.

"Ó ti rọ kó tó dé," ló wí, ó sì fi sábẹ́ àga.

Ọkọ àtijọ́ náà wà níjòókòó iwájú, Daddy gbogbo ìjọ, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó tó fẹ́ lẹ́yìn Auntie náà kò bí. Bó bá di oṣù kẹfà, wọn yóò ní kí gbogbo bàbá dìde, yóò sì dìde. Auntie yóò pàtẹ́wọ́ fún un bó ti ń ṣe lọ́dọọdún. Èmi yóò bọ́ síta lọ tutọ́.