Atukọ̀ Olójú Kan

Bí mo bá ti ń rántí àsìkò yẹn, òórùn ìsọ̀ onídìrí ló máa ń kọ́kọ́ kàn mí nímú: òórùn rìlásà tó ti wọ ara ògiri, òórùn àtáṣímẹ́ńtì tí wọ́n ri ìdí rẹ̀ bọ omi gbígbóná, àti èéfín dísù tí atẹ́gùn ń gbé bọ̀ láti ọ̀nà Àpápá, níbi tí àwọn tírélà to ara wọn sí bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Ní Ajégúnlẹ̀ ni ìsọ̀ náà wà, kò jìnnà sí ilé tí èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ń gbé. Onídìrí kì í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Sọ́ńdè. Bó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á yí àga àwọn oníbàárà rẹ̀ kọjú sí ara wọn, á gbé tábìlì oníke sáàárín, á sì ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ fún àwa mẹ́ta yòókù. Ibẹ̀ la ti máa ń ṣeré títí oòrùn á fi rọ̀.

Mo mọ̀ pé wàá bi mí pé irú eré wo ni àgbàlagbà ń ṣe ní ìsọ̀ irun. Kì í ṣe lúdò, kì í ṣe ayò. Ẹnu la fi ń ṣe é. Ẹnì kan ló máa ń mú ìwé òfin dání, òun ni ọ̀gá eré, á máa sọ fún wa ibi tí a dé àti ohun tó dìde sí wa níbẹ̀. Àwa tó kù á ti yan irú ẹni tí a fẹ́ jẹ́, oníkálukú á sì máa sọ ohun tí ẹni tirẹ̀ ń ṣe. Bí ohun tó fẹ́ ṣe bá le, á ju dáìsì, dáìsì ló máa sọ bó ṣe yọrí sí: bí nọ́ńbà bá pọ̀, ó ṣe é; bó bá kéré, kò ṣe é. Ayé inú eré náà jẹ́ ayé tí ọkọ̀ ti ń rìn láti ìràwọ̀ kan dé òmíràn, ṣùgbọ́n tí ẹ̀mí àìrí ṣì ń gbé inú ẹ́ńjìnnì. Bí o kò bá ki ẹ́ńjìnnì náà ní oríkì rẹ̀ dáadáa kó tó gbéra, kò ní dá ọ lóhùn, epo yòówù kí o rọ sí i.

Ọ̀gá eré wa jẹ́ àjẹ́ńtì, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù Àpápá. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí díẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n bó bá kan òfin, kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ìwé òfin eré náà nípọn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì tò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ìṣáná inú páálí. Òfin wà fún sísáré, òfin wà fún sísáré nínú ẹrẹ̀, òmíràn tún wà fún ẹni tó ń sáré nínú ẹrẹ̀ tó tún gbé ẹrù. Àwa á máa kérora, inú tirẹ̀ á máa dùn. Mo rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti mọ̀ pé orúkọ tí bàtà aláwọ ń jẹ́ ní kọ́sítọ́ọ̀mù yàtọ̀ sí ti bàtà onírọ́bà, báwo ni òfin ṣe máa sú u?

Onídìrí ló máa ń bá a fà á jù. Ìlú tí àwọn òbí rẹ̀ ti wá jìnnà sí Èkó, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ já geere, kó kàn jẹ́ pé bí inú bá bí i, pìjín ló máa ń gbẹnu rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fẹ́ yan ẹni tó máa jẹ́, ó ní òun fẹ́ jẹ́ obìnrin tó ń di ọ̀nà ojú ọ̀run bí irun, tó jẹ́ pé ibi tó bá di ọ̀nà náà sí ni ọkọ̀ máa gbà. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá eré nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ń ṣí ìwé síwá sẹ́yìn. Oṣó wà níbẹ̀, jagunjagun wà níbẹ̀, ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe wà níbẹ̀, kò sí onídìrí. Ó ń wá ibi tó máa fi obìnrin náà sí títí Sọ́ńdè fi parí, ó tún ń wá a ní Sọ́ńdè kejì.

"Bọ̀ọ̀dá, abeg," onídìrí ní, "irun ni mo ní n máa dì, mi ò ní n wá jókòó ṣèdánwò."

Nígbẹ̀yìn, ọ̀gá eré fi obìnrin náà sáàárín oṣó àti ẹlẹ́ńjìnnì, ó mú díẹ̀ nínú òfin oṣó, ó mú díẹ̀ nínú ti ẹlẹ́ńjìnnì fún un. Èmi ò fún un ní wàhálà. Ẹni-irin ni mo mú, ẹ̀rọ tó dúró bí èèyàn, tí ẹni tó ṣe é kò fi irọ́ sí nínú. Àbúrò mi ni atukọ̀ wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin fàájì ni atukọ̀ yẹn, kì í rọra wọ èbúté kankan. Eré burúkú ló máa fi ń bọ̀, á wá tẹ bíréèkì nígbà tí àyà gbogbo wa bá ti já. Àbúrò mi náà rí bẹ́ẹ̀ lójú ayé.

Iṣẹ́ wẹ́dà, jíjó irin pọ̀ mọ́ irin, ló ń ṣe ní ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Snake Island. Ní àràárọ̀, á lọ wọ ọkọ̀ ní etí omi, á sọdá. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń fi ẹ̀rọ ha irin, abẹ ẹ̀rọ náà fọ́, èérún rẹ̀ gba abẹ́ góógù tó fi bojú wọ ojú òsì rẹ̀. Àwọn dókítà ṣe é títí, ojú náà kò ṣe é gbà là, wọ́n yọ ọ́. Ọ̀tún kò ní nǹkan kan. Nígbà tí egbò jinná, àwọn ọ̀gá rẹ̀ ránṣẹ́ pé kó máa bọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ń dúró dè é.

Ó jí ní kùtùkùtù lọ́jọ́ tó máa padà, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ti fọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ojú méjì la fi ń mọ bí nǹkan ṣe jìn sí. Nígbà tó dé etí omi, ọkọ̀ tó ń mì lórí omi àti pákó tó dúró lé jọ ohun kan náà lójú rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ pé òun ń bọ́ sínú ọkọ̀, kò sí ọkọ̀ níbẹ̀. Omi gbà á dé àyà. Wọ́n fà á jáde, wọ́n ń kí i ní pẹ̀lẹ́. Obìnrin kan tí kò mọ̀ rí wá pòṣé, ó ní, "Áà, ó mà ṣe o, ọmọ kékeré báyìí." Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé wálé, ju omi tó ń kán lára rẹ̀ lọ. Ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri, kò sì jáde mọ́.

Àwọn èèyàn ń wá kí i. Wọ́n á wọlé, wọ́n á wo ojú rẹ̀, ohùn wọn á sì rẹlẹ̀ bí ẹni pé òkú wà nínú yàrá. Onídìrí ń gbé ọbẹ̀ ẹja wá déédéé, ṣùgbọ́n ẹkún ni yóò kọ́kọ́ sun lẹ́nu ọ̀nà kó tó lè gbé e fún un. Èmi náà, tí mo bá ti ọ́fíìsì wa ní Àpápá dé, mo máa ń bu omi fún un, mo máa ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Kò dá wa lóhùn.

Ọ̀gá eré wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bá onídìrí lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ọbẹ̀ rẹ̀. Kò mú ọsàn wá, kò mú búrẹ́dì wá. Ìwé òfin rẹ̀ ló há sí abíyá. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kí i, ó wá bi í pé, "Atukọ̀ ẹ ńkọ́? Ṣé ojú tiẹ̀ náà ti lọ ni, àbí méjèèjì ṣì wà?"

Abọ́ ọbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ onídìrí. "Bọ̀ọ̀dá! Wetin be dat?" Èmi náà ti dìde, mo fẹ́ ní kó jọ̀ọ́ kó máa lọ.

Àbúrò mi yíjú kúrò lára ògiri. "Kí ni ìwé wí nípa rẹ̀?"

"Mo ti ka ibẹ̀," ọ̀gá eré dáhùn. "Kò dára, ṣùgbọ́n kò burú tó bí o ṣe ń rò."

"Ẹ kà á fún mi."

Ó ṣí ìwé, ó kà á láìfo ọ̀rọ̀ kan. Ìwé ní kí a yọ nọ́ńbà kúrò lára ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ jíjìnnà: jíju òkò, títa ọfà, wíwa ọkọ̀ wọ èbúté. Ó tún ka àwọn ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn: agbára, etígbọ́ọ̀, ìrántí, òye. Àbúrò mi gbọ́ ọ dé òpin, ó gbé ara lé ìgúnpá.

"Kò yọ nǹkan kan lára kíki ẹ́ńjìnnì?"

"Rárá. Ẹnu ni wọ́n fi ń kì í, wọn kì í fi ojú kì í."

Ní Sọ́ńdè, ó tẹ̀ lé mi lọ sí ìsọ̀. Ó fi gíláàsì dúdú bojú, ó di apá mi mú tí a bá ti dé ibi gọ́tà. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, onídìrí ní òun ní ọ̀rọ̀ kan. Ó ní ayé tí wọ́n ti ń fi ẹ̀mí àìrí sínú ẹ́ńjìnnì, ṣé ojú ni wọ́n ò wá lè ṣe? Ó ní kí a fún atukọ̀ ní ojú irin. Ọ̀gá eré yẹ ìwé wò, ó ní òótọ́ ni, ojú irin wà níbẹ̀, ó tiẹ̀ ń ríran ju ti èèyàn lọ. Inú mi dùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Àbúrò mi mi orí. "Àǹtí, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún un ní ojú irin, ta ni mo máa wá wò níbí tó rí bíi tèmi?"

Ọ̀gá eré kọ ọ́ sínú ìwé atukọ̀ pé ojú kan ni, eré bẹ̀rẹ̀.

Ìlú kan tó léfòó sínú òkùnkùn là ń lọ, òjò kò rọ̀ níbẹ̀ rí, a wá kó òjò sínú àmù láti gbé e fún wọn. Atukọ̀ ki ẹ́ńjìnnì, ohùn àbúrò mi dún kiri inú ìsọ̀ náà bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a dé èbúté, ó wọ̀ ọ́ bó ṣe máa ń wọ̀ ọ́, pẹ̀lú eré burúkú. Ó ju dáìsì. Nọ́ńbà tó jáde kéré, ọ̀gá eré sì yọ èyí tí òfin ní kó yọ kúrò lára rẹ̀. Mo wojú ọ̀gá eré, mo fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó tún un jù. Kò wò mí.

"Ọkọ̀ kọlu èbúté," ó ní. "Ìdajì àmù fọ́."

Àbúrò mi ń wo dáìsì náà. Ẹ̀rín wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó kọ́kọ́ dà bí ikọ́, ó wá di ẹ̀rín gidi, tí mi ò gbọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù. "Òjò wa ti ń rọ̀ dànù sínú òfuurufú báyìí! Ẹni tó bá ń kọjá lọ nísàlẹ̀ á wá agbòjò o." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tó rẹ̀rín tán ló béèrè pé, "Bọ̀ọ̀dá, kí ni ìwé ní mo lè ṣe kí n tó tún gbìyànjú?"

Ojú ìwé tí ọ̀gá eré ṣí, a ò dé ibẹ̀ rí, nítorí atukọ̀ wa kì í ní sùúrù. Ìwé ní atukọ̀ lè dín eré kù. Ó lè ju okùn síwájú kí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ ibi tí èbúté wà. Ó lè ní kí ẹlòmíràn máa pe jíjìnnà rẹ̀ fún un. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á dá díẹ̀ padà nínú ohun tí a yọ.

"Ṣé ó lè padà tán?"

"Kì í padà tán. Ṣùgbọ́n á kù díẹ̀."

Èmi ẹni-irin, tí kò lè purọ́, ni mo pe jíjìnnà. Mo ní ó kù bí ìbú títì. Mo ní ó kù bí ìbú ìsọ̀ yìí. Àbúrò mi yọ gíláàsì, ó di ojú tó kù, ó ń gbọ́ mi. Onídìrí ju okùn. Nọ́ńbà tó jáde lẹ́ẹ̀kejì kò dára, kò burú, àwọn ohun tí a fi kún un ló gbé e dé ibi tó yẹ. Ọkọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ kan èbúté pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn àmù tó kù kò mì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó jí mi ní òwúrọ̀, ó ní kí n sin òun dé etí omi kí n tó lọ sí ọ́fíìsì. Èrò pọ̀, wọ́n ń ti ara wọn. Nígbà tó kàn án, ó dúró lórí pákó, ó ké sí bàbá tó ń wa ọkọ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú, ojú kan ni mo ní. Ẹ bá mi sọ bó ṣe jìn tó, kí ẹ sì na ọwọ́ sí mi."

Bàbá náà wò ó, kò pòṣé. "Ìṣísẹ̀ kan ni, ó fi díẹ̀ relẹ̀. Di ọwọ́ mi mú ná."

Àwọn tó wà lẹ́yìn ń kùn, ẹnì kan ń pariwo pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa lọ jàre. Àbúrò mi kò kánjú. Ó di ọwọ́ bàbá mú, ó fi orí bàtà wá etí ọkọ̀ títí ó fi kàn án, ó wá bọ́ sínú rẹ̀. Ọkọ̀ mì, ó jókòó. Kò bojú wẹ̀yìn wò mí. Mo dúró níbẹ̀ títí ọkọ̀ náà fi kéré láàárín àwọn ọkọ̀ ńláńlá, mo sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Wọn ò dá a padà sídìí iná wẹ́dà lójú ẹsẹ̀. Ìdí fífa ìlà sára irin kí wọ́n tó gé e ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí, ó wá fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ibẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Òun ló ń darí àwọn tó ń ṣe é báyìí. Eré tiwa ti túká. Onídìrí bímọ, Sọ́ńdè rẹ̀ kò gbà á láyè mọ́, ọ̀gá eré sì ti kó lọ sí pọ́ọ̀tù mìíràn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, mo rò pé àánú ni àbúrò mi ń fẹ́, àwa tí a sì fẹ́ràn rẹ̀ kò fi àánú dù ú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń káàánú rẹ, ohun tó lọ nìkan ló ń wò, ohùn rẹ̀ a sì máa rẹlẹ̀ nítorí rẹ̀. Ọ̀gá eré jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ka ohun tó lọ, ó ka ohun tó kù, kò sì pa ohùn dà láàárín méjèèjì. Títí dòní, bí èmi náà bá pàdánù nǹkan, ẹni tó ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń wá lọ.