Orin tí mo hun fún Màmá Ìbàdàn

Lánàá, ní New Market, ẹnìkan tẹ bọ́tìnì rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì kan, ó sì dún kà. Mo rántí ilé wa ní Awkunanaw, tó jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀sán tó ń rùn fún kẹrosíìnì, tí màmá mi ń gba ohùn mi sílẹ̀ fún ìyá wọn, Màmá Ìbàdàn, bí a ti máa ń ṣe dípò lẹ́tà. Èmi ni mo hun orin náà:

"Màmá Ìbàdàn, ẹ wá mú mi,
mo ti di ẹrù mi."

"Tún un kọ," ni màmá mi wí. "Yorùbá rẹ dà bíi ti ọmọ Ngwo." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi ìborùn nu ojú.

Ọlọ́run ti fi orin gbé mi dé ọ̀pọ̀ ìlú, mo dúpẹ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ìròyìn ikú Màmá Ìbàdàn dé etí màmá mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo tún un kọ. Mo gbé ohùn sókè, kí wọ́n lè gbọ́ mi dáadáa ní Ìbàdàn.