Ebè Kábéèjì Tó Ń Yọ Ìfófó

Ṣàà. Ṣàà. Ṣàà. Ohùn tó kọ́kọ́ mọ̀ láyé nìyẹn, kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀ pàápàá: omi tó ń tú jáde nínú agolo tí ìyá rẹ̀ fi ìṣó lu nídìí, tó ń rọ̀ sórí ewé ní ìdájí. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ti ń gbọ́ ọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ aṣọ tó tutù. Bí agolo bá ti dákẹ́, á figbe ta. Ìyá rẹ̀ á ní, "Ó yá, ìyá olómi, mo ń pọn òmíràn bọ̀." Agolo á tún bẹ̀rẹ̀, ọmọ á sùn lọ fọnfọn.

Ẹni tí agolo ìbomirin bá rẹ̀ sùn báyẹn, ta ló fẹ́ sọ ọ́ di akọ̀wé báńkì? Ó kàwé, ó kọ́ nípa ọ̀gbìn, ó sì padà sáàárín ebè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ran àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ kéékèèké lọ́wọ́, kí ohun tí wọ́n ń kó jáde lóko lè mọ́, kó má ṣe ẹni tó máa jẹ ẹ́ ní jàǹbá, kí àwọn tó ń ṣọ́ ìlànà oúnjẹ sì lè fọwọ́ sí i. Inú bàtà rọ́bà aláwọ̀ ìyeyè ló máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́, ìbéèrè kan náà ló sì fi ń kí gbogbo ènìyàn: "Ẹ káàárọ̀ o, ṣé ẹ ti fọwọ́?" Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Àǹtí Ṣé-Ẹ-Ti-Fọwọ́. Nígbà tó yá, orúkọ náà gùn jù lẹ́nu, ó ku Fọwọ́. Ọkọ rẹ̀ gan-an ti ń pè é bẹ́ẹ̀ nílé.

Ẹ bá rí i lẹ́nu iṣẹ́! Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ etí odò, ó lọ ẹfun kúnná, ó fi pa ọwọ́, ó wá ń bọ gbogbo wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Nígbà tó ṣe, ó pè wọ́n jọ.

"Ó yá, ẹ wo ibi tí ọwọ́ yín ti dé láti àárọ̀."

Ẹfun wà lára kárọ́ọ̀tì, ó wà létí ife omi, ó wà nímú, ó wà létí. Ṣùgbọ́n ti Alága ẹgbẹ́, ìdí ṣòkòtò rẹ̀ ni tirẹ̀ wà, ìka márààrún dúró síbẹ̀ rekete.

"Alága, kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

"Ó ń yún mi ni! Ṣé ìdí kì í yún yín ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi jókòó sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún fọwọ́ kan kárọ́ọ̀tì láìkọ́kọ́ fọwọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló fi ẹ̀fẹ̀ kọ́ wọn láti máa ti oògùn kòkòrò mọ́ àpótí, kí wọ́n sì máa so àkísà pupa mọ́ igi lórí ebè tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fín. Bí àkísà pupa bá ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ ò gbọdọ̀ kan ewé.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rí kọ́ nínú wọn: ìyá rẹ̀. Ìyá yìí náà ní ebè kábéèjì nínú oko ẹgbẹ́.

"Èmi tí mo fi ẹ̀fọ́ tọ́ ọ dàgbà, ṣé o kú ni?"

"Mi ò kú, màmá."

"Ó tán àbí ó kù?"

Fọwọ́ gba orí ebè ẹlòmíràn lọ.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe ti ẹ̀fẹ̀ nìkan. Ilé ìdáná ilé ìwòsàn ńlá kan fẹ́ máa gba ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí alàyẹ̀wò bá ti lè fọwọ́ sí oko wọn. Lọ́dún tó kọjá, alàyẹ̀wò dé, ẹ̀rù ba Alága, ó sáré ti ìgò oògùn àtijọ́ kan bọ abẹ́ òkìtì koríko. Alàyẹ̀wò rin oko títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó wá ibi jókòó. Orí òkìtì náà ló jókòó lé. Ìgò dún kò. Wọ́n já nínú àyẹ̀wò. Ilé ìwòsàn ní àwọn á tún dúró lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni. Bí wọ́n bá tún já, ẹgbẹ́ mìíràn ló máa gba iṣẹ́ náà, kábéèjì tiwọn á sì tún máa jẹrà fún ewúrẹ́. Fọwọ́ ló lọ ṣe onídùúró fún wọn. Ojú wo ló fẹ́ fi wọ oko yẹn mọ́?

Nítorí náà, bó ṣe ku ọ̀la tí alàyẹ̀wò máa dé, ó dúró láàárín oko, ó pariwo, "Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní lọ́la o!"

Ìyá rẹ̀ gbọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó gbọ́ràn sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu.

Alàyẹ̀wò ọdún tó kọjá náà ló tún dé láàárọ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí bàtà ń fún. Kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún. Ó yẹ kànga wò, ó yẹ àpótí oògùn wò, ó ní, "Hùn-ún." Inú Fọwọ́ ń dùn bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń sún mọ́ ebè ìyá rẹ̀ ni atẹ́gùn fẹ́, nǹkan róbótó kan sì dìde láàárín kábéèjì, ó ń tàn yòò bí òṣùmàrè, ó fò wá, ó bà lé imú alàyẹ̀wò, ó bẹ́. Òmíràn dìde. Òmíràn tún tẹ̀ lé e. Alàyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí ewé kan. Ìfófó ya síta.

"Màmá," Fọwọ́ rọra pè é, "kí lẹ ṣe?"

"O ní kó mọ́. Ó mọ́. Kànìnkànìn ni mo fi bó ẹ̀yìn ewé gan-an. Apá ń ro mí."

Alága fẹnu mọ́ Fọwọ́ létí. "Sọ pé ìrì ni."

"Ìrì tó ń ta sánsán?"

"Ìrì ò gbọdọ̀ ta sánsán?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ẹkún fẹ́ gbọ̀n ọ́n. Bó bá purọ́, tí alàyẹ̀wò já ewé yẹn lọ fún àyẹ̀wò, gbogbo ẹgbẹ́ ló gbé. Bó bá sọ òtítọ́, ìyá rẹ̀ ló fẹ́ dójú tì níṣojú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó wo ìyá náà: ó dúró gangan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè rẹ̀, ó ń retí kí wọ́n yìn ín.

"Ọ̀gá, ọṣẹ ìfọṣọ ni," ni Fọwọ́ wí. "Ìyá mi ló fi fọ̀ ọ́. Ẹ̀bi mi ni, torí mo ní kó mọ́, mi ò sọ bó ṣe máa mọ́. Kò sẹ́ni tó máa jẹ kábéèjì yìí."

"Kò sẹ́ni tó máa jẹ kí ni?" Ìyá rẹ̀ gbiná. "Ọṣẹ tí mo fi ń fọ aṣọ ìjáde mi!"

Alàyẹ̀wò yíjú sí i. "Ìyá, ṣé ẹ̀yin náà á jẹ ẹ́?"

"Èmi?" Ó já ewé kan, ó jù ú sẹ́nu, ó ń rún un. Ojú rẹ̀ yí díẹ̀. Ó gbé e mì, ó la ẹnu láti sọ pé ó dùn, ìfófó róbótó kan sì yọ létè rẹ̀, ó lọ sókè.

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu alàyẹ̀wò bí omi tó fọ́ ìsédò. Ó di igi mú, ó ń nu ojú. Ni gbogbo oko bá dàrú. Alága ń yí nílẹ̀. Ìyá náà kọ́kọ́ fajú ro, ó gbọ́ ohùn ẹ̀rín ọmọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín tirẹ̀, ìfófó sì ń jáde sí i.

"Ó dáa, ẹ so àkísà yín," ni ìyá Fọwọ́ sọ nígbà tó lè sọ̀rọ̀.

Wọn ò rí àkísà. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó so ó mọ́ igi.

"Gèlè yín ò pupa, ìyá," Alága wí.

"Òdòdó ara rẹ̀ pupa. Ẹ má fún mi ní wàhálà."

Alàyẹ̀wò gbójú sókè. "Lọ́dún tó kọjá, mo jókòó lé ohun tí ẹ fi pamọ́. Lónìí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́, ẹ sì yà á sọ́tọ̀. Ẹ mú mi lọ síbi ebè tó kù, kí n já ewé wọn fún àyẹ̀wò."

Nígbà tí èsì àyẹ̀wò ewé dé, tí wọ́n ní oko náà yege, Alága fi bàtà ẹsẹ̀ kan sáré yí oko ká. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ilé ìwòsàn kọ́kọ́ wá kó ẹ̀fọ́, ìyá Fọwọ́ fò jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó ní òun fẹ́ rí àwọn tó máa sè é. Fọwọ́ ní, "Màmá, ebè tiyín ńkọ́?"

"Mi ò lè fa ọmọ tí mo wẹ̀ tu. Ìwọ fà á."

Ọkọ̀ lọ, ariwo orin tí ìyá rẹ̀ ń kọ ń jìnnà díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà. Fọwọ́ kó sáàárín ebè. Ó fa kábéèjì kọ̀ọ̀kan tu, ó gbọn erùpẹ̀ gbòǹgbò rẹ̀, ó fi àdá gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sínú kòtò ajílẹ̀ tó wà lẹ́yìn oko. Ẹ̀rín ń dédé pa á, á dúró, á tún gé e lọ. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn wọ kòtò, ó da koríko gbígbẹ lé e, ó da erùpẹ̀ lé koríko, ó fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì gbá a títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ.