Itan Tí Wọ́n Ní Ó Tà

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé Ìyá Dígí ti ta itan ọ̀tún rẹ̀. Àwọn kan ní odindi ni. Ìyàwó télọ̀ búra pé òun rí i nínú yìnyín, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rí ò sì jìnnà: Ìyá Dígí ń tiro.

Ilé ìwádìí àìsàn tó ń jẹ iṣan ara gbẹ ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gé ẹran ara aláìsàn lé orí dígí, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ débi pé èémí eṣinṣin lè gbé e lọ.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ẹran àbúrò rẹ̀ ló wà lórí dígí. Káfíńtà ni, ó ń gbé pákó mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, síbí ń wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà fojú sí awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá.

"Ihò kún un bíi kànìnkàn. Irú àìsàn tí kò lóògùn ni." Ó mú bírò.

"Dókítà, ẹ dákun, ẹ má tíì kọ ọ́."

"Àbúrò yín ni, Ìyá. Ojú ìfẹ́ lẹ fi ń wò ó."

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré."

Ohun kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Wéré ni ẹran gbọ́dọ̀ dì kí wọ́n tó gé e sórí dígí. Tó bá fi falẹ̀, omi inú rẹ̀ á di yìnyín, á sì dá a lu. Láàárọ̀ tí wọ́n gé ti àbúrò rẹ̀, wọ́n gé bíńtín lára itan tirẹ̀ náà, kí wọ́n lè fi ẹran ẹni tí ara rẹ̀ le wé ti aláìsàn. Inú fúláàsì òtútù kan náà ni wọ́n ti dì wọ́n. Kò sẹ́ni tó tíì wo tirẹ̀.

Ó gé e, ó tẹ́ ẹ sórí dígí. Bí tòun bá dán láìníhò, ó ti parí fún àbúrò rẹ̀ nìyẹn.

Ó fojú sí awò. Ó pariwo.

"Dókítà, ẹ wá wo itan mi! Ajere ni!"

Dókítà wò ó títí. "Ihò kún tiyín náà."

"Ṣé èmi náà ò lóògùn ni? Èmi tí mo gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin wá síbí láàárọ̀ yìí?"

Dókítà rọra gbé bírò sílẹ̀. Wọ́n gé òmíràn lára káfíńtà, wọ́n sì dì í bó ṣe yẹ. Kò sí ihò kankan níbẹ̀. Wíwú ló wà níbẹ̀, irú èyí tó ń gbọ́ oògùn.

Lóṣù kẹta lẹ́yìn náà, Ìyá Dígí dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ó ká aṣọ sókè, ó nàka sí àpá tí kò ju ẹ̀wà kan lọ.

"Ìyàwó télọ̀, ẹ fọwọ́ kàn án. Mi ò tà á, mo fi tọrẹ ni. Itan òsì sì ni. Ọ̀tún lẹ̀ ń pè é káàkiri!"