Áljẹ́bírà Aláàáró

Tíṣà Ògúndìran fẹ́ràn kí wọ́n máa pe òun ní Baba Áljẹ́bírà ju kí wọ́n gbé iyán ka iwájú rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1956 yẹn, láti Ẹ̀jìgbò títí dé Ìsúndúnrìn, kò sí tíṣà mìíràn tó ń fi lẹ́tà ṣírò, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ mọ́dà tó ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn tó jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lọ, ọmọ mẹ́rin péré ló ń kọ́ ní áljẹ́bírà. Àwọn yòókù ńkọ́? Kí wọ́n lọ máa roko ọgbà! Ọmọpẹ́, ọmọ bíbí inú rẹ̀, wà lára wọn. "Orí tìẹ kò lè gbé e," ló wí fún un lójú gbogbo kíláàsì. Ẹ ò rí nǹkan!

Nígbà tó yá, wọ́n gbé tíṣà tuntun kan, Àyàndá, dé láti ìlú Ara, ọ̀dọ́mọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún. Ìyẹn bá àwọn aroko lọ sínú ọgbà, ó fi igi fa ìlà sílẹ̀, ó kọ x sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ àáró?"

"A mọ̀ ọ́n, sà!"

Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Lónìí a kọ ebè fún Òkè, lọ́la a kọ iye kan náà fún Ajíbádé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ rẹ́ ẹnìkejì jẹ.

"Ó dáa. Apá ọ̀tún ìlà yìí, oko Òkè ni. Apá òsì, ti Ajíbádé. Ohun tí ẹ bá yọ níbí, ẹ yọ ọ́ lọ́hùn-ún. Lẹ́tà yìí ńkọ́? Iye ebè tí a ò tíì kà ni."

Háà! Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ṣé ohun tí wọ́n ti ń fi dẹ́rù bà wọ́n láti ọjọ́ yìí náà nìyẹn?

Ògúndìran ń gbọ́ wọn lójú fèrèsé. Ó jowú. Ẹ máa gbọ́ tèmi, ó jowú débi pé iyán pàápàá ò wù ú jẹ mọ́. Ohun tí òun fi ọ̀pọ̀ ọdún jìyà kọ́, kí ọmọ àná wá máa pín in kiri bí àkàrà sàráà! Ó gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà lọ.

"Ọ̀gá, ẹ dá ọmọkùnrin yìí dúró. Eré oko ló ń bá wọn ṣe."

Ọ̀gá ní, "Ẹ fún wọn ní ìbéèrè kan, kí ẹ̀yin fúnra yín mú ẹni tí yóò ṣe é. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, Àyàndá kò ní kọ́ wọn mọ́, gbogbo wọn á padà sídìí ọkọ́."

Inú Ògúndìran dùn. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó: 3x + 7 = x + 19. Ó wo kíláàsì yíká. Ta ló dá a lójú jù lọ pé kò ní mọ̀ ọ́n?

"Ọmọpẹ́, bọ́ síbí."

Ọmọ náà mú ṣọ́ọ̀kì. Ó fa ìlà sáàárín, ó ń dá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: x kan kúrò lọ́dọ̀ Òkè, x kan kúrò lọ́dọ̀ Ajíbádé, méje kúrò níbí, méje kúrò lọ́hùn-ún. X méjì ló kù, ó bá méjìlá dọ́gba. Ó kọ mẹ́fà.

Kíláàsì hó yèè. Àyàndá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ògúndìran: "Ẹ kú oríire, sà. Ọmọ yín ni o!"

Ọmọpẹ́ yíjú sí bàbá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

"Ta ló ní kí o mọ̀ ọ́n?"

Ọ̀rọ̀ ti já bọ́ kí bàbá tó mọ̀. Ọmọ náà gbé ṣọ́ọ̀kì kalẹ̀, ó kọjá lára rẹ̀ láìwò ó, ó lọ dúró ti Àyàndá.