Àìsàn Tí A Kì Í Dárúkọ

Òórùn káfúrà ló gba imú mi bí mo ṣe wọ yàrá ìyá opó kan ní àdúgbò Ogbe, torí aṣọ ọkọ wọn ṣì wà nínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí ní Benin, láyé ìjọba ológun. Olùkọ́ wa fẹ́ mọ ohun tó ń pa àwọn àgbàlagbà láàárín ìlú, nítorí ilé ni ọ̀pọ̀ ń kú sí láìfojú kan dókítà. Iṣẹ́ tiwa ni ká máa bi àwọn tó gbẹ̀yìn wọn bí àìsàn náà ṣe ṣe wọ́n. Èmi ni wọ́n rán sí àwọn Yorùbá tó ń gbé níbẹ̀, mo sì ń yan kiri bí ẹni tó ti di dókítà.

Mi ò tíì jókòó dáadáa tí mo fi bèèrè pé, "Mama, kí ló pa Bàbá?"

"Ibà ni."

"Ṣé wọ́n wúkọ́?"

"Mo ní ibà ni."

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tán ni ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lẹ́yìn kọ́tìnì. Ọmọbìnrin wọn ni, tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù díẹ̀. Mo gbójú sókè, ìyá náà sì rí mi.

"Ṣé o fẹ́ kí àwọn àna gbọ́ pé ikọ́ ife ń bẹ nílé wa ni?" Wọ́n na ìka sí mi. "Bàbá tìẹ ńkọ́, ṣé wọ́n wà láyé?"

"Wọ́n ti kú, mà."

"Kí ló pa wọ́n?"

"Àìsàn ránpẹ́ ni."

Ojú gbà mí tì lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ìyá mi kọ́ wa pé ká máa sọ nìyẹn. Ikọ́ ife ló pa bàbá mi. Yàrá ẹ̀yìn la fi wọ́n sí, a sì ń sọ fáwọn àlejò pé wọ́n rìnrìn àjò.

Mo wolẹ̀. "Irọ́ ni mo pa, Mama. Ikọ́ ife ni." Mi ò tíì sọ ọ́ síta rí.

Ìyá náà wá pe ọmọ wọn jáde.

"Mama, I don tire to hide," lọmọ náà wí. Kò wo ojú mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ sílé ìwòsàn. Ọmọ náà lo oògùn títí ara rẹ̀ fi yá. Àwọn àna gbọ́, wọn ò sì padà wá mọ́.

Mo ti dàgbà báyìí. Báwọn èèyàn bá ń yìn mí nítorí iṣẹ́ tí a ṣe nígbà náà, ṣe ni mo máa ń rántí ìyá mi. Ẹni tí mi ò mọ̀ rí ni mo sọ ohun tó pa bàbá mi fún. Wọ́n dá nìkan tọ́jú bàbá mi, wọ́n sì kú láìjẹ́ pé àwa méjèèjì fẹnu kan ọ̀rọ̀ náà rí.